Ta Ló Ń Dá Iye Lé Kòkó?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò ju nǹkan bíi dọ́là 2,600 lọ lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti kọjá 11,000. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó gun 12,000 kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yíjú padà: kí ọdún 2025 tó parí, owó náà ti já sí nǹkan bí ìdajì. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, àgbẹ̀ kan náà ló ń roko. Ohun tó fa gbogbo yíyí yìí ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, pàápàá àwọn tí kòkó jẹ́ ogún bàbá wọn ní Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì, Ògùn àti Ọ̀yọ́. Àwọn kan ní àwọn tó ń ra kòkó lábà ló ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Àwọn kan ní ìjọba ni. Àwọn mìíràn ní àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi kòkó ta tẹ́tẹ́. Òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí igi kòkó fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Igi tí kì í kánjú

Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Bí àgbàdo bá wọ́n lọ́dún yìí, gbogbo èèyàn á gbìn ín nígbà tí òjò bá dé; láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti wọ ọjà, owó á sì wálẹ̀. Igi kòkó máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, á sì tún pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó so débi tó yẹ. Bí ọjà àgbáyé bá ń pariwo kòkó lónìí, kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe ju kó ká èyí tó wà lórí igi lọ. Òdìkejì rẹ̀ náà le: igi tí a gbìn nígbà tí owó dára á máa so fún ọdún 25 sí 30, ìbáà dára, ìbáà burú. Kò sẹ́ni tó máa gé kòkó bàbá rẹ̀ lulẹ̀ nítorí pé owó já lọ́dún kan. Ìdí nìyẹn tí owó kòkó kì í fi í rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kò bá fò sókè, á já bọ́.

Ibi tí kòkó ti ń wá kò sì pọ̀. Lọ́dún tí nǹkan bá ṣẹnuure, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 5 ni gbogbo ayé ń kó jọ. Côte d'Ivoire nìkan ń mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 wá nínú rẹ̀. Tí a bá ro ti Gánà mọ́ ọn, ó ti ju ìdajì lọ. Nàìjíríà, Ecuador, Kamẹrúùnù, Indonéṣíà àti Brazil ló pín púpọ̀ nínú èyí tó kù. Orílẹ̀-èdè méjì tó pààlà ni Côte d'Ivoire àti Gánà. Òjò tó bá ba ti ọ̀kan jẹ́ kì í sábà yọ èkejì sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 gan-an nìyẹn. Òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rinrin dúró sábẹ́ igi, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú sì gbilẹ̀. Omi òjò ló ń gbé àrùn yìí láti orí èso kan dé orí òmíràn, èso tó ti jẹrà tí a fi sílẹ̀ lórí igi ló sì ń ran àwọn tó kù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ fún àgbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ já gbogbo èso dúdú kúrò lóko kó tó fọ́n oògùn. Oògùn tí a fọ́n sáàárín èso jíjẹrà, owó tó bómi lọ ni. Lẹ́yìn òjò náà ni ọ̀dá àti ọyẹ́ líle tẹ̀ lé e, nítorí omi òkun Pàsífíìkì tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lọ́dún náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní El Niño.

Àmọ́ ojú ọjọ́ nìkan kọ́. Àrùn kan wà tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tó ń sọ ewé rẹ̀ di alábàwọ́n pupa, tó sì ń pa igi náà láàárín ọdún díẹ̀. Kòkòrò kéékèèké funfun tó ń fa omi ara igi mu ló ń gbé e kiri. Kò ní oògùn. Gígé la máa ń gé igi tó bá ti mú, pẹ̀lú àwọn tó yí i ká, ká tún òmíràn gbìn, ká sì máa retí fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ tí kò ní owó míì lápò kò ní gé e. Á máa ká díẹ̀díẹ̀ tó kù lórí rẹ̀, àrùn á sì máa ràn. Ní Gánà, àwọn awakùsà góòlù tí kò gbàṣẹ ra oko kòkó, wọ́n sì hú u. Ọ̀pọ̀ igi ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ajílẹ̀ sì wọ́n gan-an lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréènì ní 2022. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pàdé, ní àsìkò kòkó 2023 sí 2024, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ lọ̀ fi nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ju ohun tí oko mú jáde lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn rí. Ní 1989, àrùn kan tó ń mú ẹ̀ka kòkó hù bí ìgbálẹ̀ wọ gúúsù Bahia ní Brazil. Brazil, tó wà lára àwọn tó ń ta kòkó jù lọ láyé nígbà náà, padà di ẹni tó ń ra kòkó wọlé kí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ má baà dúró, kò sì tíì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ títí di òní.

Ọjà tí kò sí kòkó níbẹ̀

Iye tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò pé kòkó ti di báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe iye tí ẹnì kan san lórí àpò kan pàtó. Ọjà ìwé àdéhùn ni. Ibi méjì ló wà: Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti ń fi póùn ná an, àti Níú Yọ́ọ̀kì, tí wọ́n ti ń fi dọ́là ná an. Àdéhùn kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Oṣù márùn-ún ni wọ́n ń dá a sí lọ́dún: ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá. Ẹni tó ra àdéhùn oṣù kejìlá lónìí ń sọ pé iye báyìí lòun máa san nígbà tí oṣù náà bá pé. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní fojú kan kòkó. Wọ́n á ti ta ìwé náà fún ẹlòmíràn kí ọjọ́ tó pé.

Lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè, tẹ́tẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe fún oníṣòwò. Ká ní ẹnì kan ra tọ́ọ̀nù 100 ní Àkúrẹ́ lónìí. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé èbúté Àpápá, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e, kó tó gúnlẹ̀ sí Amsterdam. Bí owó bá fi dọ́là 1,000 já lórí tọ́ọ̀nù kan kí ó tó débẹ̀, dọ́là 100,000 ti lọ. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tó ra kòkó náà gan-an, á ta àdéhùn 10 lọ́jà ìwé. Bí owó bá já, ohun tó sọ nù lórí kòkó á bá a lórí àdéhùn. Bó bá gòkè, èrè tó wà lórí kòkó ló máa fi dí àdéhùn. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ó sì lè san owó tó dára fún àgbẹ̀ láìbẹ̀rù ọ̀la.

Ibi tó ti máa ń dáni lóró ni pé bí owó bá ń gòkè, ọjà náà á máa béèrè lójoojúmọ́ pé kí ẹni tó ta àdéhùn fi owó ìdúró sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkó rẹ̀ ṣì wà lójú omi, kò tíì rówó gbà lórí rẹ̀. Ní 2024 owó ìdúró yìí pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kó ẹrù wọn kúrò lọ́jà náà. Ọjà tí èrò rẹ̀ ti dínkù, ẹni tó bá ra díẹ̀ á gbé owó fò, ẹni tó bá ta díẹ̀ á gbé e lulẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni iye kòkó ṣe ń fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là yí padà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn olówó tí kò ní kòkó kankan jẹ èrè níbẹ̀, a ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwọn ló dá ọ̀wọ́ngógó sílẹ̀ ti gbàgbé àrùn, òjò àti igi tó ti gbó.

Ìṣirò tí fóònù lè ṣe

Ní Nàìjíríà, nǹkan méjì ló pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní báńkì. Dọ́là 2,600 lọ́nà 460 jẹ́ náírà 1,196,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ìjọba dá náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀, ó sì já. Tí a bá fi náírà 1,500 ṣe ìṣirò ní 2024, dọ́là 11,000 ti di náírà 16,500,000. Ní dọ́là, ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ni kòkó fi gòkè. Ní náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rìnlá. Àgbẹ̀ tó rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀ tuntun máa rí i nígbà tó bá dé ìsọ̀ olóògùn, nítorí òkè òkun náà ni oògùn àti ajílẹ̀ ti ń wá, dọ́là kan náà ni wọ́n fi rà wọ́n.

Ìṣirò kan náà ni kí àgbẹ̀ máa ṣe kó tó gbé kòkó jáde. Ẹ mú iye Níú Yọ́ọ̀kì, ẹ fi iye náírà sí dọ́là sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Ká ní 6,000 ni, tí dọ́là sì jẹ́ 1,500: náírà mílíọ̀nù 9 ni tọ́ọ̀nù, 9,000 ni kílò. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò kan jẹ́ 562,500. Kò sẹ́ni tó máa san iye yẹn lábà o. Òpin ìrìn àjò ni iye yẹn wà, lẹ́yìn owó ọkọ̀ láti oko dé Èkó, owó àpò, owó fífín kòkòrò, ìwé àṣẹ, ọkọ̀ òkun, owó ìbánigbófò, èlé báńkì, àti èrè gbogbo ọwọ́ tó bá kọjá: ẹni tó ń ra kílò kéékèèké lábà, ẹni tó ní sítọ́ọ̀ nílùú, ilé-iṣẹ́ tó ń kó o lọ sókè òkun. Bí àgbẹ̀ mélòó kan bá kó kòkó wọn pọ̀ tí wọ́n sì tà á tààrà fún oní-sítọ́ọ̀, wọ́n ti fo ọwọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí àlàfo tó wà láàárín iye tí fóònù sọ àti iye tí wọ́n pè lábà bá ń gbòòrò ju ti oṣù tó kọjá lọ, nígbà tí owó ọkọ̀ kò yí padà, ẹni tó ń rà á ní àlàyé láti ṣe.

Omi náà máa ń jẹ owó. Kòkó tó gbẹ dáadáa kò gbọdọ̀ ní ju omi 7.5% lọ. Ẹni tó gbé tọ́ọ̀nù kan tó ṣì ní 12% wá, kílò 880 péré ló jẹ́ kòkó gbígbẹ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sá a dé 7.5%, á ku nǹkan bíi kílò 951. Ẹni tó ń rà á mọ̀ pé kílò 49 máa fò lọ, á sì yọ ọ́ ṣáájú, àfàìmọ̀ ni kò ní yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó burú jù nínú kòkó tútù ni pé ó máa ń bu nínú àpò, èyí tó bá sì ti bu kì í ṣeé tún ṣe mọ́. Tí ẹ bá fọ́ èso, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ máa yí i ní ọjọ́ méjìméjì kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Èyí tí a kò bò tó, bí a bá là á, inú rẹ̀ á dúdú bí eérú, kò sì ní ní òórùn ṣokoléètì rárá. Àwọn olùyẹ̀wò ń là hóró 300: ipò kìíní kò gbọdọ̀ ní ju 3% tó bu lọ, 3% tí a kò bò tó, àti 3% tí kòkòrò jẹ, tó hù tàbí tó pẹlẹbẹ. Ní ọjà àgbáyé, kòkó Gánà sábà máa ń gba owó àfikún lórí iye ọjà nítorí pé bíbò àti sísá wọn ṣe déédéé. Ti wa kì í sábà rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó ń sá kòkó sí etí títì pẹ̀lú èéfín mọ́tò ń fi owó ara rẹ̀ ṣòfò, àti ti aládùúgbò rẹ̀, nítorí àpò wọn á pàdé nínú sítọ́ọ̀ kan náà.

Bọ́ọ̀dù tàbí ọjà gbalasa

Àgbẹ̀ Gánà àti ti Côte d'Ivoire kò rí owó 2024 gbà bí ti Nàìjíríà. Ìjọba wọn ló ń dá iye lé e níbẹ̀rẹ̀ àsìkò, wọ́n sì ti máa ń ta púpọ̀ nínú kòkó náà kí wọ́n tó ká a. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí ọjà àgbáyé ń sún mọ́ dọ́là 10,000, séfà 1,000 lórí kílò ni àgbẹ̀ Côte d'Ivoire ń gbà, ìyẹn nǹkan bíi dọ́là 1,650 lórí tọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé e dé 1,500 ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n kò tó. Kòkó ń sá gba ẹnubodè lọ sí Gíní, Làìbéríà àti Tógò. Ní oṣù kẹwàá 2025 wọ́n gbé e dé 2,800, lásìkò tí ọjà àgbáyé ti ń já, débi pé iye ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òkè òkun dọ́gba.

Nàìjíríà náà ti gba ọ̀nà yẹn rí. Láti 1947 ni Bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa kòkó, ti ń ra kòkó níye tí ó dá, tó sì ń fi èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́. Nínú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ṣì ń yangàn rẹ̀. Orúkọ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, kò ṣẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Owó àgbẹ̀ ni pẹ̀lú, tí wọn kò bi í léèrè kí wọ́n tó ná an, nígbà tí owó orí sì tún kún un, Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968. Wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ wa ń jẹ èrè ọjà lódindi nígbà tó bá dára, ó sì ń ru àdánù rẹ̀ lódindi nígbà tó bá bàjẹ́, láìsí ẹni tó ń dá a dúró níye kankan.

Ibi tí owó dúró sí

Nínú iye tí ẹnì kan san fún ṣokoléètì kan ní Yúróòpù, ohun tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí wọ́n bá yan tọ́ọ̀nù kòkó kan, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n lọ̀ ọ́, nǹkan bíi kílò 800 lẹ́bú kòkó tó ń ṣàn ló máa kù. Tí wọ́n bá fún un, á pín sí òrí kòkó àti àkàrà gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun tí a ń fi ṣe mímu. Kí ló dé tí a kò ṣe gbogbo èyí nílé? A ń ṣe díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lọ kòkó wà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnubodè Yúróòpù. Hóró kòkó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Òrí kòkó tó wá láti Nàìjíríà ń san nǹkan bíi 4.2%, lẹ́bú ń san nǹkan bíi 6.1%. Gánà àti Côte d'Ivoire kì í san án, nítorí wọ́n ti bọwọ́ lu ìwé àdéhùn òwò tí Nàìjíríà kọ̀. Nàìjíríà bẹ̀rù pé ọjà Yúróòpù máa ya wọlé pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ kòkó ló ń san owó rẹ̀. Ẹ fi iná mànàmáná tí kì í dúró àti èlé báńkì kún un, ẹ ó rí ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ ní ìlàjì agbára rẹ̀ tàbí kó wà ní títì.

Ilẹ̀ kò pọ̀ sí i

Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 èèyàn nígbà òmìnira. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 200 báyìí. Oko tí bàbá kan dá, ọmọ mẹ́fà ti pín in, àwọn ọmọ ọmọ ń pín in lọ. Héktà kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì sábà ń mú kílò 300 sí 500 péré wá lọ́dún. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, tí igi rẹ̀ sì ti gbó, ojú igbó ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó ṣe wọ Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà, tó sì wọ àwọn igbó ìjọba mìíràn ní Oǹdó.

Ibẹ̀ ni òfin tuntun Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2023 ti wọlé. Kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà hàn: ilẹ̀ tí kò ju héktà 4 lọ, ojú GPS kan (àmì tó ń fi ibi tí ilẹ̀ wà gan-an hàn) tó, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, ààlà rẹ̀ yíká. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti ń ya ojú ilẹ̀ oko báyìí. Kí àgbẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ya tirẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà ìwé náà pa mọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí kòkó tí kò ní ojú ilẹ̀ máa di èyí tí wọ́n ń ná ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú. Ẹni tó bá dà á pọ̀ mọ́ kòkó tó wá láti inú igbó ìjọba, gbogbo ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n lè dá padà.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n rí owó 2024 ti gbin kòkó tuntun, ní Nàìjíríà, ní Làìbéríà, ní Ecuador, ní Brazil. Láàárín 2027 sí 2029 ni àwọn igi yẹn máa bẹ̀rẹ̀ sí í so, tí gbogbo wọn á sì jọ wá sọ́jà. Ẹni tó bá ń gbìn lọ́wọ́ báyìí, kó ṣe ìṣirò oko rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 3,000 lórí tọ́ọ̀nù, kó má fi 12,000 ṣe é. Kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀ fún òjìji àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.